Níbo Lo Dúró Sí? Bí A Ṣe Ń Jagun Láìsí Máàpù

Ní táàmù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí àgbá ẹ̀tù kan. Kì í ṣe àgbá ẹ̀tù gidi o. Inú eré ló wà.

Àwọn tó máa ń rí wa lábẹ́ igi máńgòrò nígbà bíréèkì ti ń béèrè pé kí là ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Àwọn kan ní tẹ́tẹ́ la ń ta, torí wọ́n rí dáìsì lúdò lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, a ò ta tẹ́tẹ́. Ẹnì kan ló ń darí eré, òun ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn yòókù mú ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, wọ́n á sọ ohun tí ẹni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á wá sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré yìí ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí tábìlì ló ti ṣẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí ìwé àkọ́kọ́ yẹn fi ń fi íǹṣì wọn bí ẹnì kan ṣe jìnnà sí èkejì. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń lo bébà alápòótí bíi ti ìwé gíráàfù, tí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5.

Àwa ò ní ọmọ ogun oníke. Mo kọ́kọ́ ya máàpù sínú ìwé gíráàfù mi, ṣùgbọ́n bíréèkì kì í pẹ́. Ká tó tẹ́ bébà, ká tó to òkúta wẹ́wẹ́ lé e, aago ti lù. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rántí ibi tí òkúta òun wà. Ni mo bá ní ká pa máàpù tì, ká máa fi ẹnu sọ ọ́. Wàhálà dé.

Ogun Kíríjì la fi ṣe ìtàn wa, èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀ jà láti 1877 títí di 1893 láàárín àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Amí Ìbàdàn ni ẹni tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Wọ́n yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ọ̀tá lóru, iná ta sí àgbá ẹ̀tù. Mo ní, “Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló fara gbá a.” Mo ju dáìsì. Amí ọ̀rẹ́ mi kú.

“Èmi kẹ̀? Ẹ̀yìn àpáta ni mo wà!”

“Àpáta yẹn ò jìnnà sí àgbá.”

“Ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀?”

Òótọ́ ni, mi ò sọ ọ́. Ó wà lórí tèmi, kò sí lórí tiẹ̀. Látọjọ́ tí a ti wọlé ló ti mú amí yẹn, ó tiẹ̀ ti ṣe oríkì fún un, mo wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “nítòsí”, pa á.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìṣòro. Nítòsí ẹnì kan ni ibi tí ọwọ́ dé. Nítòsí ẹlòmíì lè jẹ́ láti ibí dé Gbági. Nítorí náà, ìjìnnà mẹ́ta péré la ní báyìí: ọwọ́-tó-o, òkò-tó-o, ojú-tó-o. Ọwọ́-tó-o, àdá rẹ lè bà á. Òkò-tó-o, bó o bá ju òkò, á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú-tó-o, o kàn ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán ni. (Ìwé eré kan tó ń jẹ́ 13th Age, tó jáde ní 2013, náà lo ìjìnnà mẹ́ta, kò sì wọn nǹkan kan.) Bó bá kàn ẹ́, o lè sún ìpele kan. Bó o bá sì wà ní ọwọ́-tó-o pẹ̀lú ọ̀tá tó o fẹ́ sá, á kọ́kọ́ sọ ẹ́ ní àdá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣakabùlà tiwa ò kọjá òkò-tó-o, tó o bá sì ti yìn ín, o ó fi ìgbà kan kì í. Ṣùgbọ́n ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń kì láti ìdí, èyí tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó, ń bá ènìyàn ní ojú-tó-o. Nínú ogun gidi pàápàá, ìbọn yẹn da Ìbàdàn láàmú.

Ti ìhà tí ènìyàn wà, ilé la ti rí i. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn oyè Ìbàdàn á ti gbọ́ Ọ̀tún Balógun àti Òsì Balógun. Lójú ogun, Balógun á wà láàárín, Ọ̀tún á kó àwọn tiẹ̀ sápá ọ̀tún, Òsì sápá òsì. Ọmọ ogun tó bá mọ olóyè rẹ̀ ti mọ ibi tó máa dúró sí nìyẹn. Nítorí náà, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan péré ni mo máa ń fi sí ìhà kọ̀ọ̀kan: àpáta lọ́tùn-ún, odò lósì, ojú ọ̀nà láàárín, igbó lẹ́yìn. Bí mo bá ka nǹkan mẹ́wàá, wọ́n á gbàgbé mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n òfo ni gbogbo rẹ̀ bí olùdarí ò bá béèrè kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Níbo lo dúró sí?” Kó sọ ewu náà síta pẹ̀lú: “Bí àgbá yìí bá gbiná, á dé òkò-tó-o.” Bí èmi àti ẹ bá wá rántí ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tìẹ la ó gbà. Ẹnì kan nínú wa ní àwọn èèyàn á máa rẹ́ wa jẹ, pé gbogbo wọn á ní ẹ̀yìn àpáta làwọn wà. Kò burú, kí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn àpáta fún iná, ẹ̀yìn àpáta náà ló wà fún ìjà. Kò lè fi àdá kan ẹnikẹ́ni títí yóò fi jáde.

Bí a bá ju mẹ́fà lọ, ẹnu kì í gbé e mọ́, n ò ní purọ́. A fi ẹ̀pà to ọmọ ogun sórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan, kí n tó yíjú padà, ẹnì kan ti jẹ olórí ogun Èkìtìparapọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní ká tún àgbá ẹ̀tù yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló dúró sí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ọ̀tún, ẹ̀yìn àpáta, òkò-tó-o sí àgbá. Mo ní, “Á dé ọ̀dọ̀ rẹ o.” Ó ní òun mọ̀, pé òun ò lè fi amí kejì sílẹ̀ níbẹ̀. A ju dáìsì. Ó jáde ní 2, amí rẹ̀ tún kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.