APÁ WÍWÚ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ JẸJẸRẸ ỌMÚ: BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ìwé kékeré yìí wà fún ìyá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ ọmú, àti fún ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé.

Inú ìyá a máa dùn nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná, tó sì ti padà sílé rẹ̀ ní Òkè-Fíà tàbí ní Iléṣà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tàbí ọdún mélòó kan pàápàá, ó lè rí i pé òrùka kò wọ ìka mọ́, tàbí pé apá bùbá ti fún. Òmíràn á rò pé ayé ló ń ṣe òun, á sì máa fi apá náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Kì í ṣe àfiṣe o. A mọ ohun tó ń fà á, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà.

KÍ LÓ Ń MÚ APÁ WÚ?

Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi kan tún wà tí ń ṣàn nínú ara wa. Tí omi yìí bá ń bọ̀ láti ọwọ́, ó ń gba inú àwọn hóró kéékèèké tó wà ní abíyá kọjá. Àwọn hóró yìí ló ń sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì, tí wọ́n sì ń dá kòkòrò àrùn dúró. Jẹjẹrẹ ọmú a máa gba ọ̀nà kan náà tàn ká. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń yọ àwọn hóró náà. Tí wọ́n bá ti yọ wọ́n, tàbí tí ìtọ́jú onítànṣán bá kan abíyá, ọ̀nà omi á dín kù, omi á sì kó jọ sínú apá. Nínú obìnrin 5 tí wọ́n yọ hóró abíyá wọn, ó tó ẹnì kan tí apá rẹ̀ máa ń wú. Ẹni tó sanra púpọ̀ ni ó tètè ń ṣe.

Ẹ MÁ FI APÁ NÁÀ SÍLẸ̀ LÁÌLÒ

Ní ìgbà kan, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ìyá pé kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun mọ́ láéláé. Èjìká ọ̀pọ̀ wọn ló gan. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú, fi hàn pé gbígbé ẹrù ní díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ àbójútó, kò mú kí apá wú sí i. Èyí kò sọ pé kí ẹ lọ gbé korobá omi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ o. Ohun fífúyẹ́ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa fi kún un bí agbára bá ti ń padà.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, tí nọ́ọ̀sì bá ti gbà yín láyè, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí:

1. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì tú u, ní ìgbà 10.
2. Ẹ ká ìgúnpá, kí ẹ sì nà án, ní ìgbà 10.
3. Ẹ gbé èjìká méjèèjì sókè, kí ẹ rọra yí wọn.
4. Ẹ mí kanlẹ̀ ní ìgbà 5.

Tí rọ́bà tó ń fa omi ojú ọgbẹ́ bá ṣì wà lára yín, ẹ má gbé apá ga ju èjìká lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, ẹ fi èyí kún un:

5. Ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ máa fi ìka gun un bí aláǹtakùn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ọwọ́ dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti ga sí i.
6. Ẹ fi ọwọ́ náà ya irun yín.
7. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di táwẹ́ẹ̀lì mú lẹ́yìn, kí ẹ máa fà á bí ẹni ń fọ ẹ̀yìn.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ara lè fà yín díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá dùn yín gan-an, ẹ dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì wé gèlè fúnra yín, ẹ ti ṣe dáadáa.

Ẹ ṢỌ́ AWỌ APÁ NÁÀ

Ojú ọgbẹ́ kékeré lè di àìsàn ńlá ní apá yìí, nítorí àwọn hóró tó ń bá kòkòrò jà ti dín kù.

– Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ nu àárín ìka gbẹ, kí ẹ sì fi òrí pa á.
– Ẹ̀yin aláró àti aládìírẹ Òṣogbo, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Ẹ̀yin tí ẹ ń la kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú.
– Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí apá náà. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì fi agbára wọ́ ọ.
– Ní ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó lo apá kejì fún abẹ́rẹ́, fífa ẹ̀jẹ̀ àti wíwo ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó bá ṣeé ṣe.
– Ìyá ọlọ́mọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tí ẹ lè pọn ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀já tàbí okùn kọ́sẹ́ẹ̀tì fún mọ́ abíyá. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá oògùn tí ẹ ń lò gba fífi ọmú kejì fún ọmọ.

TÍ APÁ BÁ TI WÚ

Ẹ gbé e lé orí ìrọ̀rí tí ẹ bá jókòó tàbí dùbúlẹ̀. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn apá méjèèjì lójú kan náà lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tètè lọ fi hàn. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ńlá, bí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, ni kí ẹ béèrè. Wọ́n á di báńdéèjì láti ìka lọ sókè, kí ó le ní ìsàlẹ̀, kí ó sì dẹ̀ ní òkè. Ẹ má dá a dì fúnra yín láìkọ́ ọ. Tí ìka bá kú tipiri tàbí tí ó dúdú, ẹ tú u kíá. Ẹ máa ṣe eré ọwọ́ yín nígbà tí báńdéèjì bá wà lára, nítorí nígbà náà ni omi ń lọ jù.

Ẹ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN LỌ́JỌ́ NÁÀ GAN-AN

– tí apá bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ó ń dunni, tàbí tí ibà bá dé;
– tí ó bá wú lójijì;
– tí ẹ bá fọwọ́ kan kókó tuntun ní abíyá, ní ọrùn tàbí ní ojú àpá.

Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Ẹ má sì tijú. Ìyá tó bá tètè fi apá rẹ̀ hàn ni ọwọ́ ìtọ́jú ń tètè ká tirẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.