Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe omi mímu

Ìwọ tó ń ra àgbo asofẹ́yẹjẹ fún ẹ̀jẹ̀ ríru màmá ẹ, jọ̀ọ́, gbọ́. Irọ́ kọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ làwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè. Reserpine tó wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà náà ti lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n tiwọn ní ìwọ̀n: wọn kì í sábà fúnni ju 0.25 mílígíráàmù lọ lójúmọ́. Ta ló wọn ti inú ìgò ẹ? Tó bá pọ̀jù, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, ọkàn ò ní lù dáadáa mọ́. Tí màmá bá tún ń lo oògùn ọsibítù, ewu di méjì nìyẹn. Sọ fún dókítà kó o tó bu ife kan fún wọn. Oògùn tó ń mú wèrè sùn, a kì í bù ú mu bí omi.