Ẹ Má Fi Sáńpépà Gbígbẹ Ha Ọ̀dà Àtijọ́

Àga wà ní ọ̀pọ̀ ilé tí ó dàgbà ju onílé lọ. Bàbá jókòó lé e, ọmọ jogún rẹ̀. Ẹnìkan kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, ẹlòmíràn kun funfun lé e, títí igi ọ̀gànwó abẹ́ rẹ̀ kò fi hàn mọ́. Bí ọdún bá ku sí dẹ̀dẹ̀, a ó ní kí káfíńtà wá bó ọ̀dà náà, kí ó fi fáníìṣì dán an.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti máa ń lọ. Káfíńtà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi sáńpépà ha á, eruku bo ilẹ̀, ó bo ìkòkò, ó bo ọmọ tí ń ṣeré nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni òjé ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́! Láti 1978 ni Amẹ́ríkà ti fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé. Ọmọ a ti ọwọ́ bọ ẹnu, òjé a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ẹ ń pè ní olódo lè má jẹ́ ọ̀lẹ rárá. Ní 2010, ní Zamfara, eruku òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ pa ọmọdé tí kò dín ní 400.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ kó ọmọ àti aboyún kúrò, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ níta, ẹ rin ọ̀dà náà dáadáa, kí ẹ sì lo wọ́tà-pépà. Bí ó bá nípọn, ẹ ra oògùn tí ń ṣí ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ọ̀dà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ẹ dúró kí ọ̀dà wú, kí ẹ tó fi irin pẹlẹbẹ ha á kúrò. Iná kọ́ o. Èéfín òjé burú ju eruku lọ. Àwọn kan a máa lo kọ́sítíìkì sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Èmi kò fọwọ́ sí i: a máa sọ ọ̀gànwó di dúdú, a máa tú gúlù oríkèé àga, a sì máa bó ọwọ́.

Ẹ má gbálẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ di ọ̀rá náà pọ̀, kí ó jìnnà sí kànga. Káfíńtà yóò bèèrè owó sí i, nítorí iṣẹ́ omi kì í yá. Ẹ san án fún un.