Ẹ̀sìn Ọjọ́ Ìsinmi àti Ìwà Ọjọ́ Ajé

Òwe kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí a ti gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tún ta wá jí mọ́. Ọkùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà. Àlùfáà rí i, ó yà kọjá. Ọmọ Léfì rí i, òun náà yà kọjá. Ará Samáríà, ẹni tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, ni ó di ọgbẹ́ rẹ̀, tí ó gbé e lọ sí ilé èrò, tí ó sì san owó ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe pé kí á máa ṣàánú ẹni tiwa nìkan ni Jésù ń kọ́ wa níhìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn í ṣe. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí á ka ẹni tí a ti pè ní ọ̀tá sí ọmọnìkejì wa.

Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ-ẹ̀yìn Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá, báwo ni a ti ṣe pa ẹ̀kọ́ yìí mọ́ nínú ọ̀ràn òṣèlú? Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, a bu epo sí ènìyàn lára, a sì dáná sun ilé aládùúgbò nítorí ẹgbẹ́. Wẹ́tìẹ̀ ni a pe ìwà náà. Ní ọdún 1983, irú iná bẹ́ẹ̀ tún ràn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn ìdìbò gómìnà. Ilé ìjọsìn kò wọ́n ní ìlú wa nígbà náà, ṣùgbọ́n pípọ̀ wọn kò dá iná náà dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣàìní àpẹẹrẹ rere láàárín àwọn baba wa. Láti ọdún 1878 ni àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti dìde sí Ìbàdàn nínú ogun tí a mọ̀ sí Kírìjì. Ibùdó Ìbàdàn wà ní apá Igbájọ, ti Èkìtì Parapọ̀ sì wà ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọdún ń gorí ọdún, ìhà kan kò borí èkejì. Ní ọdún 1886, gómìnà Èkó, Alfred Moloney, rán àlùfáà méjì tí í ṣe ọmọ wa. Samuel Johnson, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn. Charles Phillips, àlùfáà ìjọ Oǹdó, lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì Parapọ̀. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni wọ́n gbé lọ síbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé ìbọn lọ.

Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, Ìbàdàn ni ó sì ti dàgbà. Bí ó bá ṣe pé ti ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, a mọ ìhà tí ì bá gbè sí. Síbẹ̀, àdéhùn tí òun àti Phillips ṣiṣẹ́ fún, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886, ni ó jẹ́wọ́ òmìnira àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ológun tú ibùdó wọn ká.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìjọba Òyìnbó ní ète tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, àti pé ogun Ọ̀fà àti Ìlọrin kò parí títí di ọdún 1893. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí kò dín iṣẹ́ àwọn àlùfáà méjèèjì kù. Wọn kò dúró kí ayé pé kí wọ́n tó ṣe ojúṣe tiwọn.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ti ká kú kọ́. Ẹ jiyàn, ẹ polongo, ẹ dìbò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa irọ́ mọ́ alátakò yín, ẹ má sì ṣe kọ̀ láti kí i nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ojú yín ni àwọn ọmọ ń wò. Bí ọmọ ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín bá rí ìdájọ́ òdodo gbà lọ́wọ́ yín bí ọmọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ìwàásù tí ẹ ṣe fún un ju ti orí àga ìwàásù lọ.

Ìwà ni ẹ̀sìn. Ọjọ́ Ìsinmi ni a ń gbọ́ òwe ará Samáríà. Ọjọ́ Ajé, nígbà tí a bá pàdé ẹni tí kò dìbò fún ẹni tiwa, ni a óò mọ̀ bí a ti gbọ́ ọ.