Ìlà Inú Ọ̀pá Ìbọn

Ẹni tí ó bá yọjú wo inú ọ̀pá ṣakabùlà ọdẹ (èyí tí kò sí ètù nínú rẹ̀ ni o) yóò rí i pé ó jọ̀lọ̀. Inú ìbọn ológun òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fín ìlà sí i, àwọn ìlà náà sì ń lọ́ bí okùn tí a wé mọ́ igi. Bí ìbọn bá dún, ọta a há mọ́ ìlà wọ̀nyí, a sì máa yí bí òkòtó. Òkòtó tí ó ń yí kì í ṣubú. Yíyí yìí náà ni kì í jẹ́ kí ọta tàkìtì lójú ọ̀nà.

Kí ni ó wá mú kí ìlà ìbọn gígùn yàtọ̀ sí ti ìbọn ìléwọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé agbára ìbọn ni. Ṣùgbọ́n ní 1879, George Greenhill, olùkọ́ ìṣirò fún àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Woolwich, fi ìṣirò hàn pé gígùn ọta ni kókó ọ̀rọ̀, bí a bá fi wé ìbú rẹ̀. Bí ọta bá ti gùn tó ni yíyí rẹ̀ ní láti yá tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbọn ìléwọ́ Colt tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1911. Ọta rẹ̀ kúkúrú, ó sanra. Gígùn rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ìlà mẹ́fà ni ó wà nínú ọ̀pá náà, apá òsì ni wọ́n sì ń lọ́ sí, èyí tí kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọta náà yóò rin ínṣì 16 kí ó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọ̀pá náà kò ju ínṣì 5 lọ, a jẹ́ pé kò tíì yí tó ìdá kan nínú mẹ́ta kí ó tó jáde. Síbẹ̀, bí a bá fi òfin Greenhill wọ̀n ọ́n, ínṣì 40 pàápàá ìbá tó o.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ kò sí fún ìbọn gígùn. Ọta M16, ìbọn Amẹ́ríkà, tẹ́ẹ́rẹ́. Gígùn rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀ lọ. Ínṣì 14 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òdiwọ̀n yíyí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ibi tí òtútù ti mú gan-an, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í mì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Wọ́n sọ ọ́ di ínṣì 12. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọta tí ó gùn jù ú lọ dé, pẹ̀lú ọta oníná tí gígùn tirẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ìbú rẹ̀. Ìbú kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n M16A2 ní láti di ínṣì 7.

Nítorí pé ọta ìbọn ìléwọ́ kì í le koko bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹni tí ń ṣe é, ó lè yan ìlà tí yóò rọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ará Ọ́stríà tí ń ṣe Glock kò fín ìlà onígun mímú sí àwọn Glock ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń fi òòlù lu irin mọ́ ọ̀pá kan tí ó ti gba àwòrán, inú ìbọn a sì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, tí igun wọn rọra tẹ̀. Èyí dára fún dídí èéfín ètù mọ́ ẹ̀yìn ọta. Àwọn ọlọ́pàá tí ń tọpa ọ̀daràn ni kò bá lára mu, nítorí àpá tí igun mímú bá fi sí ara ọta ni wọ́n fi ń mọ ìbọn tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ọta àwọn Glock wọ̀nyẹn kì í sì í gba irú àpá bẹ́ẹ̀ dáadáa.