Láfún Tí Kò Ní Májèlé, Èèpo Tí Kò Ṣòfò

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbejì tó pọ̀ ní Igbó-Ọrà, àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí. Èyí tí ó dájú ni pé gbágùúdá tútù ní májèlé, pàápàá jù lọ nínú èèpo rẹ̀.

Nítorí náà, láfún kò fẹ́ ìkánjú. Ẹ bẹ èèpo gbágùúdá kúrò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 3 sí 5 títí yóò fi rọ̀. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá sá a sórí pẹpẹ mímọ́, kì í ṣe etí títì tí eruku wà. Kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí ó má baà bu.

Èèpo ńkọ́? Ẹ má ṣe dáná sun ún, ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn onímọ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì sá a gbẹ, ó di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Èyí tí à bá dà sí ààtàn yóò sì di owó ọbẹ̀.