Orin Kan Náà, Ìgbọ́ Méjì

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí èèyàn bá ń gbọ́ orin, ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ń gbọ́ ni, àbí ìlù?" Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó ná. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwo orin àwọn ọ̀dọ́kùnrin Amẹ́ríkà méjì kan, nítorí pé àwọn olùgbọ́ ló kọ́kọ́ pa àwo yẹn tì, àwọn olùgbọ́ náà ló sì tún gbé e dìde.

Paul Simon àti Art Garfunkel ni mò ń wí. Queens ní ìlú New York ni wọ́n ti jọ dàgbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Wednesday Morning, 3 A.M. Orin méjìlá ló wà nínú rẹ̀, Simon ló sì ṣẹ̀dá márùn-ún níbẹ̀. Ohùn méjì pẹ̀lú gìtá tí kò lo iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn.

Àwo náà ò tà. Simon gba Ìlú Ọba lọ, Garfunkel padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia (kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwo o, orúkọ ló jọra).

Àwọn kan máa ń sọ pé etí àwọn tó gbọ́ ọ nígbà yẹn ló di. Èmi ò gbà. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà ni àwọn Beatles gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ariwo gìtá oníná sì gba gbogbo rédíò. Láàárín àwọn tó fẹ́ràn orin fóòkù pàápàá, àwọn tó ń fi gìtá kan kọrin pọ̀ lọ jàra. Kódà, orin Bob Dylan kan wà nínú àwo náà tí Dylan fúnra rẹ̀ ti gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964. Ẹni tó ti ra ti Dylan, kí ló fẹ́ fi èyí ṣe? Àwọn olùgbọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n kàn rò pé àwọn ti ní irú rẹ̀ nílé ni.

Ní 1965, ọ̀kan nínú àwọn orin inú àwo náà, The Sounds of Silence, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára ní Boston, àti ní Florida níbi tí wọ́n ti ń lo ìsinmi. Wọ́n ń ní kí rédíò bá àwọn fi sí i. Ìròyìn yìí dé etí Tom Wilson, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó darí bí wọ́n ṣe gba àwo náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ó pe àwọn onílù àti onígìtá oníná wọ sítúdíò, ó ní kí wọ́n lu tiwọn lé orí èyí tó ti wà nílẹ̀. Kò sọ fún àwọn olórin méjèèjì. Ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní ọdún 1966, òun ló wà ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard. Yúróòpù ni Simon wà nígbà tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹnu yà á, inú rẹ̀ ò sì dùn. Síbẹ̀ ó padà wálé, àwọn méjèèjì sì tún para pọ̀.

(Lórí àwo 1964, ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi orúkọ orin náà pè, Sounds, lẹ́yìn náà ló di ẹyọ kan, Sound. Ẹni tó bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ò ní wàhálà yẹn. Ìró ni ìró ń jẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀kan, ì báà jẹ́ igba.)

Ẹ wá wò ó báyìí. Kò sí sílébù kan tó yí padà. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1964 gan-an ni ti 1965. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni èèyàn ń gbọ́, ó yẹ kó ti tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìlù nìkan, kí ló mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Boston máa béèrè fún un kí ìlù tó dé?

Èrò tèmi ni pé ohun tó bá ọ̀rọ̀ rìn ló ń sọ fún olùgbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, àti ẹni tí a ń bá sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí ìjálá àti ẹkún ìyàwó. Oríkì kan náà lè wà nínú méjèèjì; ohùn la fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ fi ohùn ìjálá sun ẹkún ìyàwó wò, àwọn ìyàwó ilé á bi yín pé ẹran wo lẹ fẹ́ pa. Gìtá kan ṣoṣo ní 1964 ń wí fún olùgbọ́ pé kó jókòó, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ń bọ̀. Ìlù àti gìtá oníná wí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìyí. Orin náà dá lórí bí àwọn èèyàn kò ṣe lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ó dún bí ìwàásù. Nígbà kejì, ó dún bí ẹjọ́ tí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ń rò. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ Wilson ì bá tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dùndún ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lu dùndún sórí orin olórin láìgba àṣẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Kì í ṣe gbogbo etí ló gba gìtá oníná o. Ní oṣù Keje 1965, àwọn kan hó lé Dylan lórí ní Newport nígbà tó gbé tirẹ̀ jáde. Ní Manchester, oṣù Karùn-ún 1966, ẹnì kan pè é ní Júdásì láàárín èrò. Àwọn wọ̀nyẹn mọ Dylan ti tẹ́lẹ̀. Lójú tiwọn, nǹkan wọn ló gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ tó ra orin Simon àti Garfunkel ò gbọ́ ti 1964 rí, wọn ò sì pàdánù nǹkan kan.

Èmi náà, èyí tó ní ìlù ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ ti 1964 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mò ń retí ìlù níbi tí kò sí, ó sì ń bí mi nínú díẹ̀. Ó tó ìgbà kẹrin kí n tó gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń mí pa pọ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí náà, ti 1965 nìkan ló mọ̀. Mo ti ní kó lọ wá ti 1964, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó pè mí padà.